Ẹ̀rọ 3D alámọ̀ mi máa ń dún kó tó ba iṣẹ́ jẹ́: báwo la ṣe ń fetí ṣọ́ ọ?

Alámọ̀_Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ẹ̀rọ 3D kan tó ń fi amọ̀ mọ ìkòkò, inú yàrá kan tí mo háyà l'Ágbowó ni mo gbé e sí. Kì í ṣe ti oníke o. Afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló ń ti amọ̀ tútù láti inú àgbá, skúrù kan tí mótò ń yí á wá fún un jáde lẹ́nu nozzle, ìyẹn ẹnu tóóró tí amọ̀ ń gbà jáde, bí ẹni ń fún ọṣẹ ìfọyín, ìlà kan á máa gun orí ìlà kan títí ìkòkò á fi ga. Ìkòkò òdòdó àti ìbòrí gílóòbù ni mò ń tà. Èyí tó bá ga díẹ̀ máa ń gbà tó wákàtí mẹ́ta, mi ò sì lè jókòó máa wo ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́ta.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mò ń gé àlùbọ́sà, mo gbọ́ "pọ́" kan láti inú yàrá. Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí ẹ̀pà bá bẹ́ nínú iyanrìn gbígbóná. Mi ò kà á sí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, òmíràn. Kí n tó fọwọ́ kí n sì wọlé, ihò méjì ti wà lára ìkòkò, ìlà tó yẹ kó gun orí ihò náà ti jìn sínú, gbogbo rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ògiri tí òjò ti mu nídìí. Wákàtí méjì iṣẹ́ ló ṣòfò yẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé etí mi ti gbọ́ ọ kí ojú mi tó rí i. Ṣé kò sí bí a ṣe lè fi máìkì sí i kó máa bá mi gbọ́? Mo ti gbé fóònù ti ẹ̀rọ náà, mo gba ohùn sílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ́tí sí i, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tèmi àti ẹ̀rọ ata iwájú ilé ni mo gbọ́. Amọ̀ kọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Jẹ́jẹ́Layé

N'Ìbàdàn yìí? Tí iná bá wà, ẹ̀rọ ata. Tí wọ́n bá mú un lọ, jẹnẹrétọ̀. Ìwọ wá fẹ́ gbọ́ ohun tí amọ̀ ń sọ lábẹ́nú 😂😂

Bàbá Rédíò (Mọ́kọ́lá)

Àbúrò, má dá a lóhùn, ọ̀nà wà. Inú afẹ́fẹ́ lo ti ń gbọ́, inú afẹ́fẹ́ yẹn náà sì ni ariwo gbogbo àdúgbò wà. Ara ẹ̀rọ ni kó o ti gbọ́. Ṣé o rí dókítà tó fẹ́ gbọ́ àyà aláìsàn? Kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa tẹ́tí, ó máa ń gbé nǹkan lé e láyà ni.

Piezo ni kó o wá. Òun ni àwo pẹlẹbẹ aláwọ̀ idẹ tó wà nínú nǹkan tó ń ké "tíì" nínú aago tábìlì àti nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Funfun tó wà láàárín idẹ yẹn, seramíìkì ni. Ẹ̀rín a máa pa mí bí mo bá rò ó: amọ̀ tó ti la iná kọjá lo fẹ́ fi ṣọ́ amọ̀ tútù. Bí nǹkan bá gbọ̀n ọ́n, á tu iná díẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan nílẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ló kọ́kọ́ rí ìwà yìí lára òkúta kírísítálì ní 1880. Iná tó tu jáde yẹn ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà á gbọ́ bí ohùn.

Lo wáyà máìkì, èyí tó ní àwọ̀n irin yí ara rẹ̀ ká. Bó o bá lo wáyà lásán, hùnùn iná 50 Hz (Hz ni iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni wàá máa gbọ́ tọ̀sán-tòru. Fi resistor 1 MΩ kan, ohun kékeré tó ń dín iná kù, so ẹsẹ̀ méjèèjì piezo náà pọ̀, kó o fi diode méjì, èyí tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, sí i kó má ba ẹnu máìkì jẹ́, torí bí nǹkan bá kàn án gbì, iná tó ń tu jáde lè pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà. Mo mọ ẹnì kan tó ti fi báyẹn pa ẹnu máìkì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èmi ni.

Irin tó di nozzle mú ni kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́, súpà gúlù díẹ̀ ti tó. Má fi téèpù lẹ̀ ẹ́, téèpù máa ń mu ohùn bí ìgbà tí fómù ń mu omi.

Ó wá ku jẹnẹrétọ̀. Kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" máa ń yí nǹkan bí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ariwo rẹ̀ tó wúwo jù, ìsàlẹ̀ ló wà. "Pọ́" tìrẹ, òkè ló wà, ohùn tó mú ṣáṣá ni. Gba Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ọ̀fẹ́ ni, kó o fi gé gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 1,000 Hz. Jẹnẹrétọ̀ ò ní lọ pátápátá, ṣùgbọ́n á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Gbé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ síta, kó o fi rọ́bà gígùn fa afẹ́fẹ́ wọlé. Gé rọ́bà táyà àtijọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

ỌmọÌyáOníkòkò

Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá Rédíò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yìn.

Ìyá mi ta ìkòkò fún ọ̀pọ̀ ọdún l'Ọ́jàaba. Kò sí èyí tó kúrò lọ́wọ́ wọn tí wọn ò kọ́kọ́ kàn. Wọ́n á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọn ò ní jẹ́ kó fara kan nǹkan kan, wọ́n á wá fi oríkèé ìka kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó pé á dún "gboiin", ohùn náà á pẹ́ kó tó kú. Èyí tó sán á dún "pẹ̀kẹ̀", ó parí síbẹ̀. Ẹ lè wo ìkòkò yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú yín ò ní rí ibi tó ti sán. Oníbàárà tó bá fọwọ́ di ẹnu ìkòkò mú tó tún ń kàn án, ara rẹ̀ ló ń tàn, torí ọwọ́ rẹ̀ ló pa ohùn yẹn.

Ní ti "pọ́" tí ẹ gbọ́, afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀ ni. Nígbà tó bá dé ẹnu nozzle, kò sí ohun tó tì í mọ́, á bẹ́. Kí ẹ tó ná owó sórí sẹ́ńsọ̀ bíi piezo yẹn, ẹ gún amọ̀ yín dáadáa, ẹ pò ó, ẹ fi wáyà gé e sí méjì kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní, ẹ tún un gún. Bí ẹ bá fẹ́ dà á sínú àgbá, ẹ má kó o ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ ṣe é ní òkìtì tó tóbi tó àgbá, kí ẹ sì fi agbára sọ ọ́ wọlé, kí àyè má ṣẹ́kù sáàárín. Bí mo ṣe ń sọ yìí, mi ò ní ẹ̀rọ 3D kankan o. Amọ̀ ni mo mọ̀.

Alámọ̀_Agbowó (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ)

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ra piezo mẹ́ta ní Queen Cinema, mo ṣe bí Bàbá Rédíò ṣe wí. Mo sì gún amọ̀ títí apá fi ń ro mí. "Pọ́" dín kù tó fi jẹ́ pé ìkòkò méjì lọ láti ìdí dé ẹnu láìgbọ́ ẹyọ kan.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi íápíìsì sétí tí mo gbọ́ inú ẹ̀rọ yẹn, ẹnu yà mí. Ayé míì ni! Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́, mò ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi nọ́ńbà sọ wọ́n. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò wọ̀ mí lórí, mo bá ń fi bí wọ́n ṣe ń dún sọ wọ́n.

"Ṣìì-wẹ̀ẹ̀" ni ìlera. Amọ̀ ń ṣàn, mótò ń kọrin lọ sókè sódò bó ṣe ń yí igun. "Pọ́" ni afẹ́fẹ́. "Hùn-ùn-kẹ-kẹ-kẹ" ni èyí tó ń já mi láyà jù. Ohùn mótò á kọ́kọ́ wúwo bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè Màpó, á wá máa fo ìṣísẹ̀. Amọ̀ ti le jù nìyẹn tàbí òkúta ti dí ẹnu nozzle. Láàárín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo sí ìgbà tí "kẹ-kẹ" bẹ̀rẹ̀, mo ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, mo sì lè fi gba iṣẹ́ là. "Fẹ̀ẹ̀rẹ̀" ni nozzle tó ń ha orí ìlà tó ti wú ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tí mi ò rò rárá ni dídákẹ́. Lánàá, amọ̀ tán nínú àgbá. Mótò ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n "ṣìì" ti lọ. Ẹ̀rọ ń fi nozzle òfìfo yí afẹ́fẹ́ ká. Bí kọ̀ǹpútà bá ń wá ariwo nìkan, kò ní mọ èyí láéláé.

Jẹ́jẹ́Layé

Mo tọrọ àforíjì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, Agbowó ń fi etí ṣọ́ ìkòkò.

Ìmọ̀Ohun

Iṣẹ́ yìí wù mí. Orí irú ẹ̀ ni mo ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n fi ìyàtọ̀ kan hàn kí ẹ má bàa ná owó sí ibi tí kò yẹ.

Amọ̀ tútù kì í sán, yíya ló máa ń ya. Yíya kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Amọ̀ tútù tún máa ń mu ohùn tó mú ṣáṣá, tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá dún lókè ìkòkò, piezo abẹ́ tábìlì lè má gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń mọ ìkòkò, ẹ̀rọ gan-an lẹ ń gbọ́: mótò, skúrù, ẹnu nozzle. Nígbà tó bá ń gbẹ àti nígbà tó bá wà nínú iná ni amọ̀ fúnra rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ méjì ni, ibi tí ẹ máa lẹ piezo mọ́ sì yàtọ̀.

Nígbà tí nǹkan gbígbẹ bá sán, agbára tó há sínú rẹ̀ máa ń jáde lójijì bí ìgbì. Púpọ̀ nínú ìgbì yẹn ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́. Etí wa kì í kọjá 20 kHz, ìyẹn 20,000 Hz. Sẹ́ńsọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò máa ń gbọ́ láti nǹkan bí 100 kHz títí dé 1 MHz, ìyẹn mílíọ̀nù Hz kan. Káàdì ohùn, ìyẹn apá kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn wọlé, bó bá ń wọn ohùn nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò lè gbọ́ kọjá 24 kHz, ìdajì rẹ̀ ni òpin. Ìyẹn ò ní kí ẹ má lò ó o. Ojú sísán ńlá máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ fún etí. Àwọn wínníwínní lẹ ò ní gbọ́.

Ẹ dán sẹ́ńsọ̀ yín wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìka kàn án, torí ìka ò lè kàn án bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ra òjé pẹ́ńsù 0.5 mm, irú èyí tí wọ́n ń tì sínú pẹ́ńsù oníbọ́tìnnì, gbogbo ilé ìtajà ìwé tó wà l'Ágbowó ló ní in. Ẹ ṣẹ́ ẹ mọ́ ara irin náà, kí ẹ wo bí ohùn rẹ̀ ṣe ga tó lójú àwòrán ohùn tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn. Wọ́n ń fi orúkọ àwọn onímọ̀ méjì, Hsu àti Nielsen, pe ọ̀nà yìí, kárí ayé ni wọ́n sì ti ń lò ó. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju ti àná lọ, gúlù ti ṣí nìyẹn.

Ní ti kíkọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ máa kó ẹgbẹ̀rún ohùn àrùn jọ. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ń ṣe dáadáa pọ̀ ju ọjọ́ tó ń ṣe ségesège lọ, inú yín ò sì ní dùn bó bá jẹ́ òdìkejì. Ẹ kọ́ ọ ní "ṣìì-wẹ̀ẹ̀" nìkan, kó mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ohun yòówù tí kò bá jọ ọ́, kó kígbe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa mú dídákẹ́ náà. Ẹ sọ ohùn di àwòrán kí ẹ tó fún un: àkókò lọ sí ẹ̀gbẹ́, Hz lọ sókè, bó ṣe ń dún kíkankíkan tó á di àwọ̀. "Pọ́" á dúró bí òpó tín-ín-rín, jẹnẹrétọ̀ á nà gbalaja nísàlẹ̀ bí ẹní.

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ 3D mọ nǹkan irin, tí wọ́n ń fi lésà yọ́ ìyẹ̀fun irin, ló ṣíwájú wa nínú èyí. Àwọn onímọ̀ kan ní ilé ìwádìí Empa, nílẹ̀ Switzerland, gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2018. Sẹ́ńsọ̀ ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà sì ń fi ohùn yẹn mọ̀ bóyá ihò wẹ́wẹ́ inú irin náà pọ̀ tàbí kò pọ̀.

Kámẹ́rà_Ló_Dájú

Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ gbé kámẹ́rà kékeré kan síwájú rẹ̀, kí ẹ máa wò ó lórí fóònù.

Bàbá Rédíò (Mọ́kọ́lá)

Ta ló máa wò ó? Kámẹ́rà ò lè rí inú àgbá. Ihò tó wà lẹ́yìn ìkòkò ò hàn sí i, ìlà tó bò ó náà á tún fi í pamọ́. Bí iná bá lọ, yàrá ṣókùnkùn, kámẹ́rà di ọ̀ṣọ́. Mi ò ní kí ẹ má rà á o. Ẹ fi í wo ohun tí etí bá gbọ́.

Arẹwà3D (Bódìjà)

Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀Ohun lórí gbígbẹ ni mo fẹ́ fà gùn, torí ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.

Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu ni èmi ń ṣe, irú èyí tí Fernando Mazariegos dá sílẹ̀ ní Guatemala ní 1981: amọ̀ tí a po mọ́ ìyẹ̀fun pákó, tí pákó á jó nínú iná tí á sì fi ihò wínníwínní sílẹ̀ fún omi. Bí ìkòkò òdòdó bá sán, òdòdó ò ní bínú. Bí tèmi bá sán láìhàn, omi á gba ibẹ̀ kọjá láìsẹ́, ọmọ á sì mu ún. Nítorí náà, etí mi ò gbọdọ̀ sùn.

Ní ìgbà ọyẹ́, mo pàdánù mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ mọ wọ́n dáadáa, wọ́n dán, mo yà wọ́n ní fọ́tò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti là láti ẹnu wálẹ̀. Ọyẹ́ ti mu omi ẹnu wọn nígbà tí ìdí ṣì tutù. Ẹnu fẹ́ sún kì, ìdí ò gbà, ó bá ya.

Mo wá ń fi piezo sábẹ́ pákó tí ìkòkò jókòó lé, mo fi Vaseline díẹ̀ sáàárín kí ohùn lè kọjá, mo sì ń gba ohùn sílẹ̀ láti aago 11 alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òru ló dáa jù. Àdúgbò ti pa jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ata ti sùn. Ìkòkò tó ń gbẹ dáadáa ò sọ nǹkan. Èyí tó ń gbẹ kánkán á kọ́kọ́ dún "tẹ́", á tún dákẹ́ fún wákàtí kan, "tẹ́-tẹ́", lẹ́yìn náà wọ́n á máa tẹ̀lé ara wọn. "Tẹ́" àkọ́kọ́ ni mo máa ń dìde sí. Mo á da ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀, mo á fi aṣọ tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfi kàn án. Mo ti gba mẹ́ta là báyẹn. Ọ̀kan ò gbà, ó ti pẹ́ jù.

Ní ti ìléru, ẹ má gbé piezo sún mọ́ iná rárá, ooru á pa iná inú rẹ̀ kò sì ní jí mọ́. Ọ̀pá irin gígùn tàbí ọ̀pá álúmínà (irú seramíìkì kan tó ń gba ooru) ni kí ẹ tì gba ihò ìléru kọjá, kí orí kan fara kan pẹpẹ inú, kí ẹ lẹ piezo mọ́ orí kejì tó wà níta. Ibi tí mo máa ń tẹ́tí sí jù ni ìgbà tó bá ń tutù tó sì dé 573°C. Yanrìn quartz inú amọ̀ máa ń yí padà lójijì níbẹ̀, ó sì máa ń sún kì. Ẹni tó bá ṣí ìléru kánkán nítorí oníbàárà ń pe fóònù á gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́.

ỌmọÌyáOníkòkò

Àǹtí Arẹwà, nígbà tí ẹ bá kó wọn jáde tán, ẹ ṣì máa ń fi ìka kàn wọ́n?

Arẹwà3D (Bódìjà)

Gbogbo wọn. Ẹyọ kan ò yọ sílẹ̀.

Alámọ̀_Agbowó

Ìròyìn tuntun. Kọ̀ǹpútà ti mọ "ṣìì-wẹ̀ẹ̀", mo sì ti so ó mọ́ ẹ̀rọ kó lè dá a dúró fúnra rẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́, ó dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo di ilẹ̀kùn gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ onílé gbá bọ́ọ̀lù mọ́ fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀kan ni aláǹgbá kan já láti àjà sórí tábìlì, mo rí i tó ń mirí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jẹ́ òtítọ́: òkúta kékeré ní ẹnu nozzle.

Mo ti yí i padà. "Pọ́" kan ṣoṣo, kó kàn kọ àkókò sílẹ̀. Mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kó dúró. Kó dúró lójú ẹsẹ̀ bó bá gbọ́ tí mótò ń wúwo tàbí tí "ṣìì" bá lọ. Mo tún lẹ piezo kejì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ohun tó bá kọ́kọ́ dún níbẹ̀ kó tó dé orí nozzle, òde ló ti wá, kó má kà á sí.

Bàbá Rédíò, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra òmíràn sí i fún abẹ́ pákó bíi ti Àǹtí Arẹwà. Wọ́n ní 27 mm àti 35 mm wà. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Rédíò (Mọ́kọ́lá)

27 fún ara nozzle, àyè ò tó níbẹ̀. 35 fún abẹ́ pákó. Kó o tó sanwó, gbé e sójú oòrùn kó o wo funfun àárín rẹ̀ dáadáa. Mo ti ra márùn-ún tí méjì nínú wọn ti sán látinú ọ̀rá.